Méjìlá Wo?

Nígbà tí mo ti Ọ̀fà dé Kàdúná, mo rò pé bóòtù ni bóòtù.
Ọ̀gá mi ní Pàǹtẹ́kà, Màlámù Sálláù,
arúgbó tó fi okùn so awò ojú mọ́ etí,
ní agolo mílíìkì ogójì lórí pákó,
bóòtù kún inú wọn bí ẹ̀wà.

Ìyá kan láti Rìgásà gbé orí ẹ̀rọ ìlọta wá,
ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń lọ àgbàdo kí wọ́n tó bí bàbá mi.
Ó ku bóòtù kan. "Méjìlá ni olóògbé máa ń pè é,"
ó sì fi èyí tó kù hàn mí.
N kò wò ó. Mo ti gbọ́ méjìlá.
Mo ki ọwọ́ bọ agolo tí a kọ méjìlá sí lára.

Ó wọlé. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀mejì,
ó dúró.
Mo gbé sípánà. Mo fi páìpù kún sípánà.
Ìró kékeré kan jáde, bí ìgbà tí ajá fọ́ egungun adìẹ.

Màlámù ò pariwo. "À hánkàlì, Sàráfà."
Ó ya ìwé àpò sìmẹ́ńtì, ó gé e ní igun mẹ́ta,
ó ká a mọ́ bírò. Etí ìwé ń gun bírò lọ, yíká, yíká.
"Òkè nìyí. Ẹni tí kò lè gùn ún ní tààrà
á yí i ká títí á fi dé orí.
Ìṣó ló ń fi orí sọlẹ̀. Bóòtù, ńṣe ló ń rìn."

Ó ní kí n má ṣe wọn orí rẹ̀ mọ́ láé:
orí lè tóbi kí ọrùn tín-ín-rín.
Láti ṣonṣo eyín dé ṣonṣo eyín ní òdìkejì,
ibẹ̀ ni sísanra wà.
Láti eyín kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, ìṣísẹ̀ rẹ̀ nìyẹn;
yí i lẹ́ẹ̀kan, ìṣísẹ̀ kan ló máa fi wọlé,
kò jù bẹ́ẹ̀, kò dín.
Kòtò àárín eyín ńkọ́? Ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́
là ní dígírì márùndínlọ́gọ́ta, ti tuntun ní ọgọ́ta.
Ojú ò rí ìyàtọ̀ márùn-ún. Irin mọ̀ ọ́n.

Ó mú òòyà irin pẹlẹbẹ, ó fi ya eyín bóòtù ìyá náà,
ó gbé e sókè sí oòrùn: ìmọ́lẹ̀ kankan ò yọ láàrin.
Ó fi òòyà kan náà ya tèmi:
oòrùn Kàdúná ń rẹ́rìn-ín láàrin eyín mi.

"Tìrẹ, mílímítà méjìlá ni: bó ṣe sanra tó ló ń sọ.
Tirẹ̀, ààbọ̀ íńṣì ni: eyín méjìlá nínú íńṣì kan ni olóògbé ń kà.
Ẹ jọ ń pe méjìlá,
ẹ ò sọ ohun kan náà."

Ó fi tápù tún ihò náà ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú.
Owó oúnjẹ mi ọ̀sẹ̀ méjì ló bá a lọ.

Kò tíì kọ́ mi ní ti ọwọ́ òsì nígbà náà.
Èmi fúnra mi ni mo rí i, lára ìtẹ̀sẹ̀ òsì kẹ̀kẹ́ mi:
odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń dè é,
tí mo rò pé mò ń tú u.

Agolo tèmi ti lé ní ọgọ́rin báyìí.
Ìka ni mo fi ń kọ́kọ́ yí bóòtù wọlé;
ohun tí ìka bá kọ̀, n kì í gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá sípánà.
Bí oníbàárà bá sì sáré wọlé, tó ní, "Fún mi ní méjìlá,"
mo máa ń fa àga fún un.